Àkọ́rọ̀, Àrọ̀kúrò àti Àkùrọ̀: Ìtàn Bí Ènìyàn Ṣe Ń Fi Ìkórè Púpọ̀ Nínú Ọdún Kan Tọ́ Irúgbìn

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn. Àwáwí mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó gbé mi dé ibí yìí, àwọn náà ni àkọ́rọ̀, àrọ̀kúrò àti àkùrọ̀. Àkọ́rọ̀ ni òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí a fi ń gbin àgbàdo àkọ́kọ́. Àrọ̀kúrò ni òjò ìkẹyìn, èyí tí ń rọ̀ kí ó tó kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú tí òjò máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ. Àkùrọ̀ kì í ṣe orúkọ òjò rárá, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ etí odò tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán ni, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ táútáú. Èdè tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ti mọ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tó dé, pé ọdún kan lè gba ìran irúgbìn mẹ́ta.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo ohun tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ lónìí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn kan, kò sì dùn mọ́ mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé àyè wà nílẹ̀ wa, tí Ọlọ́run fi fún wa láìgba owó lọ́wọ́ wa, tí àwọn ẹlòmíràn lágbàáyé sì ní láti rìnrìn àjò jíjìn kí wọ́n tó rí irú rẹ̀. Ìtàn ìrìn àjò náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó wá béèrè ohun tí àwa fúnra wa fi àyè yìí ṣe, àti ohun tí a lè pàdánù bí a bá lò ó láìronú.

Ìdí tí ìran fi níye lórí

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ irúgbìn tuntun kò lè fi owó nìkan ra ohun tí ó ń wá. Ìran ni ó gbọ́dọ̀ kà. Ẹ jẹ́ kí a fi tòmáàtì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀kan dùn lọ́bẹ̀ ṣùgbọ́n àrùn máa ń pa á, tí òmíràn kì í kú sí ọwọ́ àrùn ṣùgbọ́n tí kò dùn. Bí a bá fi ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀kan ra òdòdó èkejì, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yóò jọra wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ ni yóò yà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: òmíràn gba adùn, òmíràn gba agbára, òmíràn gba méjèèjì, òmíràn kò gba nǹkan kan. Bí a tilẹ̀ rí èyí tí ó gba méjèèjì, irúgbìn inú rẹ̀ kò tíì dúró lójú kan. Ní ìran kọ̀ọ̀kan tí igi bá gba ara rẹ̀ lóyún, ìdajì nínú àìdúrósójúkan náà ni ó ń lọ: ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, títí tí yóò fi ku ìdá kan nínú 32 lẹ́yìn ìran márùn-ún. Ẹni tí ó ń kórè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò lo ọdún márùn-ún kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń kórè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ọdún méjì kò ní pé.

Gregor Mendel, alùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó ṣe àlàyé ìyapa yìí fún ayé, lo ọdún mẹ́jọ, láti 1856 sí 1863, nínú ọgbà ilé àwọn alùfáà ní ìlú Brno, tí ó ń gbin irú ẹ̀wà àwọn Òyìnbó kan. Òtútù ilẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ọdún dè é mọ́lẹ̀. Ní 1939, ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Cyril Goulden, dá àbá kan tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: kí a má ṣe yan ohunkóhun ní àwọn ìran àkọ́kọ́, kí a kàn mú irúgbìn ẹyọ kan lára igi kọ̀ọ̀kan, kí a gbìn ín kíákíá, ìbáà jẹ́ inú ilé gíláàsì, kí a sì tún mú ẹyọ kan, títí tí wọn yóò fi dúró lójú kan. Ìgbà náà ni a ó tó gbé wọn lọ sí oko gidi láti yan èyí tí ó wù wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a sáré kọjá nínú ìran àti kí a yan nínú ìran pamọ́ sí ọkàn yín. Lórí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn mi lónìí dúró lé.

Ìrìn àjò Borlaug

Norman Borlaug, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dé Mẹ́síkò ní 1944, láti ṣiṣẹ́ nínú ètò tí Rockefeller Foundation àti ìjọba ilẹ̀ náà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Àlìkámà ni iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn kan tí í bo igi àlìkámà bí ìpẹtà ti í bo irin ti pa oko àwọn àgbẹ̀ run léraléra. Bí ó bá tẹ̀ lé àṣà, yóò gbìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní òkè tútù ìtòsí olú ìlú, yóò sì di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí àgbẹ̀ kankan tó rí irúgbìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wo àwòrán ilẹ̀ náà, ó sì rí i pé àfonífojì Yaqui ní Sonora, ní àríwá, jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná ní ẹ̀bá òkun, tí a ti lè gbin àlìkámà ní oṣù kọkànlá kí a sì kórè rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá ti kórè níbẹ̀, kí a gbé irúgbìn náà lọ sí òkè ní Toluca àti Chapingo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a gbìn ín sínú òjò ibẹ̀, kí a kórè ní oṣù kẹwàá, kí a sì tún gbé e padà sí Sonora. Ibùdó méjèèjì jìnnà sí ara wọn ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ọ̀kan sì ga ju èkejì lọ ní nǹkan bí 2,600 mítà.

Ọ̀gá rẹ̀, George Harrar, kọ̀. Owó kò tó, ibùdó Sonora ti di ahoro, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn tálákà tí ètò náà fẹ́ ràn lọ́wọ́ ń gbé. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbà náà pé irúgbìn gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́yìn ìkórè, kí ó lè kó agbára jọ kí ó tó tún hù. Èmi tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi ka ọ̀rọ̀ àgbà máa ń gbádùn apá ìtàn yìí gan-an, nítorí ó fi hàn pé àwọn tí ó ka ìwé náà ní èèwọ̀ tiwọn. Kì í ṣe pé kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Irúgbìn kan wà tí kì í hù bí a kò bá jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ òtítọ́ kékeré di òfin ńlá. Borlaug kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Elvin Stakman, tí ó wá bẹ̀ wọ́n wò, ni ó pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà, tí Harrar fi gbà. Láti 1945 ni irúgbìn ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ, tí ó sì ń bọ̀.

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Àlìkámà máa ń ka gígùn ọ̀sán kí ó tó yọ òdòdó. Gígùn ọ̀sán Sonora ní ìgbà òtútù kò bá ti Toluca ní ìgbà òjò mu. Nítorí náà, igi tí ó bá ń dúró de ọ̀sán gígùn tàbí ọ̀sán kúkúrú a já kulẹ̀ ní ọ̀kan nínú ibùdó méjèèjì, Borlaug a sì jù ú nù. Èyí tí ó kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àlìkámà tí kò bìkítà fún gígùn ọ̀sán mọ́, tí a lè gbìn káàkiri ayé. Nígbà tí ó wá fi irú àlìkámà kúkúrú Japan tí wọ́n ń pè ní Norin 10 dà á pọ̀, èyí tí ó ti ọwọ́ Orville Vogel gbà, ó rí igi tí ẹrù ọkà kì í gbé ṣubú. Ní 1963, ìkórè àlìkámà Mẹ́síkò ti di ìlọ́po mẹ́fà ti 1944. Íńdíà àti Pakistan ra irúgbìn rẹ̀ ní 1965. Ní 1970, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ti yin ọkùnrin yìí, ọ̀pọ̀ sì ti bú u, pé irúgbìn rẹ̀ béèrè omi àti ajílẹ̀ tí olówó nìkan lè rà. N kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó ti kìlọ̀ kí Borlaug tó dé rárá. Ní 1941, Carl Sauer, onímọ̀ ilẹ̀ ayé, sọ fún àwọn ará Rockefeller pé bí wọ́n bá rán àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ láti fi irúgbìn ọjà tiwọn lé irúgbìn àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ, wọ́n lè ba ọrọ̀ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ Sauer kò tà nígbà náà. Lójú tèmi, ó tọ́ kí a kà á pọ̀ mọ́ ìtàn Borlaug ní gbogbo ìgbà.

Ilé wa

Ìpẹtà kò yọ àwa náà sílẹ̀. Àgbàdo ti wà nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìrí àrùn ìpẹtà tí ó wà ní ìlú ìbílẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ó ti gbàgbé bí a ṣe ń bá a jà. Ní 1949, àrùn náà fara hàn ní Sierra Leone. Kò pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, Stanton àti Cammack wá irú àgbàdo tí àrùn náà kì í ràn, ní 1953 wọ́n sì kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n rí. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé dídá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àgbàdo tí àrùn ìlà ewé kì í pa jáde láti ibẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn King Baudouin nítorí rẹ̀ ní 1986. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kò ní láti rin 1,000 kìlómítà. Àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò wà ní ẹnu ọ̀nà wọn, odò sì wà fún ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni ó wù mí jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ìbílẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn, bí ẹ bá gbìn ín ní oṣù kẹfà, kò ní yọ òdòdó. Ewé ni yóò máa hù kiri ilẹ̀ títí ọ̀sán yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, nígbà tí òjò ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀dí yóò pe èyí ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbìn ín sáàárín ọkà bàbà mọ̀ pé bí pódi ẹ̀wà bá gbó nínú òjò, yóò rà. Ẹ̀wà tí ó ń dúró kì í ṣe ọ̀lẹ. Òjò ni ó ń ṣọ́. Irú rẹ̀ kò lè fún ènìyàn ní ju ìran kan lọ lọ́dún. Àwọn oníṣẹ́ IITA yan èyí tí kì í ka ọ̀sán, nígbà tí ó sì di àárín 1980 sí 1989, wọ́n ti ní ẹ̀wà tí í gbó ní nǹkan bí 60 ọjọ́. Mo gbà pé oore ńlá ni. Ebi kì í dúró de ọ̀sán kúkúrú.

Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ ewéko wa ń kà á. Ẹ bi àwọn tí ń gbin ewédú ní àkùrọ̀. Ewédú ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tètè tanná, ewé rẹ̀ a sì kéré. Bí onímọ̀ kan bá wá sọ pé òun yóò fi omi pọ́ńpù gbin ewédú ní ẹ̀ẹ̀rùn kí òun lè rí ìran mẹ́ta, tí ó sì yan igi tí ó bá kọ́kọ́ fún un ní irúgbìn púpọ̀ níbẹ̀, kí ni ó ti yàn? Ó ti yan ewédú tí ó ń kánjú tanná, èyí tí ìyá ọlọ́bẹ̀ kò fẹ́. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ Goulden ti wúlò: kí ó sáré kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó má yan, kí ó yan nínú òjò, lójú àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Borlaug ní tirẹ̀ yan ní ibùdó méjèèjì, nítorí ohun tí yóò bá ibi gbogbo mu ni ó ń wá. Ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò bá Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkìrun mu kò gbọ́dọ̀ ṣe bíi tirẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti yan ni yóò sọ irú ọmọ tí a ó bí.

Ìyá àgbà tí ó wò mí dàgbà ní abúlé kan nílẹ̀ Ọ̀ṣun a máa so àgbàdo irúgbìn àti ilá gbígbẹ kọ́ lókè ààrò, kí èéfín lè lé kòkòrò. Kì í mú irúgbìn lára ilá tí ó kọ́kọ́ so. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan, ó ní ilá tí ó bá ń kánjú so máa ń kánjú kú. Àwọn onímọ̀ kan tí mo sọ èyí fún rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì gbà pé òótọ́ ni.

Kárọ́ọ̀tì Brazil

A kì í mú irúgbìn kábéèjì jáde nínú oko wa, ìdí rẹ̀ sì yé àwọn tí ń gbìn ín: kábéèjì fẹ́ òtútù gidi kí ó tó yọ òdòdó. Ẹni tí ó bá ń gbìn ín ní láti máa ra agolo irúgbìn láti òkè òkun lọ́dọọdún. Kárọ́ọ̀tì náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Brazil wà nínú ìṣòro kan náà. Irúgbìn kárọ́ọ̀tì ti ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ìgbà tí ooru bá sì dé, àrùn ewé a pa á. Ní 1981, àwọn oníṣẹ́ Embrapa, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ibẹ̀, gbé kárọ́ọ̀tì kan jáde tí wọ́n pè ní Brasília, tí ó fara da ooru àti àrùn náà, tí irúgbìn rẹ̀ sì ṣeé mú jáde nínú ilé. Ibo ni wọ́n ti rí i? Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ gúúsù Brazil ni, àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn kárọ́ọ̀tì tiwọn láti ìran dé ìran, tí oòrùn ibẹ̀ sì ti bá wọn yan án láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti gba àpò irúgbìn olówó iyebíye lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kí Embrapa tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ohun tí wọn ìbá bá níbẹ̀.

Iná tí kì í kú

Ní 2018, Lee Hickey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, pẹ̀lú àwọn ará John Innes Centre nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé bí a bá fi iná mànàmáná tan ìmọ́lẹ̀ sí ewéko fún wákàtí 22 lójúmọ́, àlìkámà lè ní ìran mẹ́fà lọ́dún kan. Àkùrọ̀ ti wọ inú yàrá. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmáàtì run ní Kàdúná tí ìjọba ibẹ̀ kéde pàjáwìrì, ta ni ìbá ní sùúrù ọdún mẹ́wàá?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé yàrá náà ní onílé. Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá tọ́ irúgbìn tuntun. Irúgbìn tí òfin náà yóò forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí ó jọra wọn, kí ó sì dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò ìran márùn-ún wa: jíjọra àti dídúró lójú kan gan-an ni ohun tí ìran púpọ̀ ń fúnni. Ẹni tí ó ní iná wákàtí 22 yóò dé ibẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilá tí ìyá àgbà so kọ́ lókè ààrò kò jọra wọn, kò sì ní jọra láé. Àìjọra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó so lọ́dún tí òjò bá pọ̀ àti lọ́dún tí kò bá tó. Òfin kò gba ilá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ọ̀rọ̀ kò lè ṣe kí n má ṣàkíyèsí pé ohun tí ó kù nínú iwé àwọn ilé irúgbìn jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, níbi tí orúkọ tí ó ń sọ ìwà ilá náà ti wà tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin ọjà.

Ilá kan wà nílẹ̀ wa tí ó ga bí igi, tí ìtì rẹ̀ le, tí kì í so títí òjò àrọ̀kúrò yóò fi máa lọ. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn onímọ̀ kà á mọ́ ilá yòókù; ní 1988 ni wọ́n tó fún un ní orúkọ irú tirẹ̀, Abelmoschus caillei. Ọ̀sán kúkúrú ni ó ń dúró dè. Nítorí náà, ìran kan ni ó ń fúnni lọ́dún, òun sì ni ẹni tí ó bá ń wá ìran mẹ́ta yóò kọ́kọ́ jù nù. Òun náà ni ilá tí a máa ń rí já ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí ilá tí ó ń kánjú ti gbẹ, tí iye tí wọ́n ń ta ilá lọ́jà sì ti di ìlọ́po.